Ta Ló Ni Ife: Ẹni Tó Gun Alùpùpù Ni àbí Ẹni Tó Ṣe É?

Tí a bá gbọ́ Suzuki tàbí Yamaha nílùú wa, ọ̀kadà ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Àwọn orúkọ kan náà yìí ni baba ìsàlẹ̀ nínú motocross, eré alùpùpù orí òkè àti inú ẹrẹ̀, nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ní 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé ti 500cc. Bill Nilsson, ọmọ Sweden, ló kọ́kọ́ gbà á, lórí AJS tí wọ́n ṣe fún ojú títì, tí wọ́n wá tún ṣe fún ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, BSA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba iwájú. Jeff Smith gba ife fún wọn ní 1964 àti 1965.

Àfi bí àwọn ará Japan ṣe dé! Suzuki náwó, wọ́n kó àwọn ọ̀gá eré jọ. Joël Robert, ọmọ Belgium, gba 250cc fún wọn ní 1970, 1971 àti 1972. Roger De Coster gba 500cc ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín 1971 sí 1976. Irú maṣíìnì tí wọ́n gùn ò sí lọ́jà rárá. Àkànṣe ni wọ́n ṣe é fún wọn. Ẹni tó fi owó ara ẹ̀ ra tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin iwájú yìí ti lọ jìnnà jù.

Òfin ló yí i padà. Láti 1986, AMA tó ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà sọ pé alùpùpù ìdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà fún aráàlú. Báyìí ni ọ̀nà là fún àwọn tó mọ bí a ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Mitch Payton, tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ látìgbà tí jàm̀bá eré alùpùpù ti ṣe é, dá ẹgbẹ́ Pro Circuit sílẹ̀ ní 1991. Honda ni wọ́n kọ́kọ́ gùn, wọ́n bọ́ sí Kawasaki ní 1993. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Jeremy McGrath ti gba ife 125 ti supercross, ìyẹn motocross inú pápá ìṣeré, ní 1991 àti 1992. Ní 1998 àti 1999, ẹgbẹ́ Chaparral, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù alùpùpù ló ni ín, ni McGrath yìí kan náà fi gba ife àgbà, lórí Yamaha.

Lẹ́yìn náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù fún ẹlòmíràn. Ní 2021, Yamaha gbé ẹgbẹ́ 450 wọn ní Amẹ́ríkà fún Star Racing. Eli Tomac sì gba ife supercross fún wọn ní 2022. Suzuki ní tiẹ̀ ti kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú ìdíje àgbáyé nígbà tí 2017 parí, níbi tí Robert àti De Coster ti sọ orúkọ ẹ̀ di ńlá. Àwọn tó ń sáré lábẹ́ ẹ̀ ní láti wá ibòmíràn lọ.

Ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè lọ nígbà tó bá wù ú, orúkọ ẹ̀ á sì wà lára ife. Ṣùgbọ́n nígbà tí maṣíìnì bá ṣubú, eegun ta ló ń kán? Lójú tèmi o, ẹni yẹn ló ni ife.