Àwọn Ìyá Tó Bímọ Nínú Bọ́ọ̀sì

Tẹ́ ẹ bá ṣí Instagram báyìí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa rí tọkọtaya tó sọ bọ́ọ̀sì àtijọ́ di ilé: ibùsùn wà lẹ́yìn, ibi ìdáná wà láàárín, ọmọ wọn ń yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo ẹ̀ ń dán. Ìtàn tòní ò dán tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ti inú rẹ̀ jáde ṣì ń gba ẹ̀mí là dòní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bọ́ọ̀sì náà. Ní 1939, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Frank Cyr pe ìpàdé ní New York, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé àwọ̀ yẹ́lò kan náà ni kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé máa ní káàkiri Amẹ́ríkà. Tí bọ́ọ̀sì yẹn bá ti gbó, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin ní kí ẹni tó bá rà á kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, káwọn awakọ̀ má baà rò pé ọmọ ilé-ìwé ló ṣì ń gbé. Nítorí náà, ọ̀dà oríṣiríṣi tá à ń rí lára irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fáàrí nìkan o.

Ó wá di San Francisco, ní 1970. Stephen Gaskin, tó ti ṣe sójà nínú ogun Korea, tó sì ti ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ híppì jọ lálẹ́ Mọ́ńdè, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run, oògùn olóró àti bó ṣe yẹ kéèyàn gbé ayé. Nígbà tí wọ́n pè é kó wá sọ̀rọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ní àwọn ò ní dúró sẹ́yìn. Wọ́n ra bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó ti gbó, wọ́n tú àga inú rẹ̀ kúrò, wọ́n kan ibùsùn sí i, wọ́n gbé ohun ìdáná wọ̀ ọ́. Oṣù kẹwàá ni wọ́n gbéra, wọ́n lé ní 200: tọkọtaya, ọmọ wẹ́wẹ́, àti aboyún.

Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Ẹ rántí bí ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ṣe rí nígbà yẹn: wọ́n á fún obìnrin lóògùn tó ń kunni lóorun, ọkọ á wà níta, wọ́n á sì fi irin fa orí ọmọ jáde. Bí wọ́n ṣe gbẹ̀bí àkọ́bí Ina May gan-an nìyẹn, obìnrin tá a wá mọ̀ sí Ina May Gaskin. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní yunifásítì. Nígbà tí aboyún àkọ́kọ́ máa bí, ibi ìgbọ́kọ̀sí Northwestern University, nítòsí Chicago, ni wọ́n wà. Stephen ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé náà, ọmọ sì dé sínú bọ́ọ̀sì. Ina May rí i, kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Rhode Island, dókítà kan tó gbọ́ nípa wọn wá kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á ṣe bí wàhálà bá dé níbi ìrọbí, ó sì fún wọn ní irinṣẹ́.

Wàhálà sì dé lóòótọ́. Ní ìgbà òtútù 1971, ní Nebraska, Ina May fúnra rẹ̀ bímọ nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Ọmọ náà kú kí ọjọ́ kan tó pé. Lójú tèmi, ewu tí wọ́n fi ara wọn sí pọ̀ jù, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Àmọ́ kò jọ ẹni tó fi ikú yẹn ṣeré, nítorí ṣe ló túbọ̀ tẹra mọ́ ẹ̀kọ́.

Lọ́dún yẹn náà, wọ́n ra ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 1,000 nítòsí Summertown, ní Tennessee, éékà kan ní dọ́là 70. Wọ́n pe ibẹ̀ ní The Farm. Bọ́ọ̀sì gúnlẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń gbé. Àwọn míì fi pákó kan yàrá mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lójú ọ̀nà wá di agbẹ̀bí gidi, wọ́n ń bá dókítà àdúgbò ṣiṣẹ́. Ní 1975, Ina May kọ ìwé Spiritual Midwifery, àwọn ìyá fúnra wọn ló sì ń sọ ìtàn ìbímọ wọn nínú rẹ̀.

Ní 1976, ilẹ̀ mì tìtì ní Guatemala, àwọn ará The Farm sì lọ bá wọn tún ilé kọ́. Ìgbà yẹn ni Ina May gbọ́ ọgbọ́n àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ibẹ̀: bí orí ọmọ bá ti jáde, tí èjìká rẹ̀ há, kí obìnrin náà kúnlẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì telẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, èjìká á yọ. Ẹ ò rí i, àwa tá à ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ara wa! Lónìí, Gaskin maneuver làwọn dókítà ń pè é nínú ìwé wọn. Orúkọ àwọn obìnrin Guatemala tó ni ín kò sí lára rẹ̀, ìyẹn sì ń dùn mí díẹ̀.

Gbèsè ló tú The Farm ká ní 1983. Wọn ò jọ ná owó láti inú àpò kan mọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó lọ. Àwọn agbẹ̀bí dúró, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ní 2011, wọ́n fún Ina May ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní Sweden, ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn.