A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Owó-orí àti Ìdílé ní Dàhòmì, 1899 sí 1956

Orúkọ tí èdè wa fún owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ aráàlú jẹ́ ẹ̀rí ìtàn fúnra rẹ̀. Owó-orí ni a ń pè é. Àwọn Fọ̀n tí a jọ ń gbé náà ń pè é ní takwɛ, ìtumọ̀ kan náà ni: owó tí a ń san lé orí. Kì í ṣe owó oko, kì í ṣe owó ọjà, kì í sì í ṣe owó èrè. Orí ènìyàn gan-an ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí a bá sì ti ń ka orí, bí ó pẹ́ bí ó yá, a ó kan orí ọmọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo bí òfin owó-orí ṣe ka ọmọ ní ilẹ̀ wa lábẹ́ àwọn Faransé, bí òfin ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ṣe kà á ní àkókò kan náà, àti ohun tí ìyàtọ̀ náà dá sílẹ̀ nínú ìdílé àwọn baba ńlá wa.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn ọba wa kò ṣàì gba owó. Oníbodè ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ẹrù wọ̀lú. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Bí ọba bá ń ṣọdún, baálé ni yóò kó ẹ̀bùn agbo ilé rẹ̀ jọ. Ẹrù, ilẹ̀ àti agbo ilé ni wọ́n ń wò. Ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá ìyá lọ ka àwọn ọmọ tó sùn lórí ẹní. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà: ọmọ kì í ṣe ẹrù tí à ń tò fún àlejò wò.

Ní 1899, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ọba Béhanzin bọ́ sọ́wọ́ wọn, àwọn Faransé fi owó-orí lélẹ̀ ní Dàhòmì. Gómìnà Victor Ballot ló wà lórí àléfà nígbà náà. Ní àwọn ìlú ńlá etí òkun àti ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, fáráǹkì 2,25 ni orí kan. Ní àwọn ìlú àti abúlé yòókù, fáráǹkì 1,25 ni. Ọkùnrin ń san án, obìnrin ń san án, ọmọ tó bá sì ti kúrò ní ọmọ ọwọ́ tó ti ń ṣẹsẹ̀ dàgbà, wọ́n kà á mọ́ wọn. Olórí abúlé ni wọ́n ní kí ó ka àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó sì kó owó náà wá. Wọ́n sì ń yọ díẹ̀ fún un nínú ohun tó bá kó jọ. Bí ẹni tó yẹ kí ó dáàbò bo agbo ilé ṣe di ẹni tó ń kà á fún àlejò nìyẹn.

Ìdí tí ìjọba fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Òfin ọdún 1900 ní kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí Faransé ń ṣàkóso máa fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Owó òṣìṣẹ́ ìjọba, ti ọ̀nà àti ti afárá gbọ́dọ̀ jáde láti inú ilẹ̀ náà. Ọ̀nà tó sì rọrùn jù lọ fún ìjọba tí kò mọ ohun tí àgbẹ̀ kan ń rí lọ́dún ni pé kí ó ka orí, kí ó sì sọ ọ́ di owó.

Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn fún ẹni tó ń gbà kò rọrùn fún ẹni tó ń san. Owó-orí kò béèrè bóyá oko ṣe dáadáa, kò sì béèrè bóyá òjò rọ̀. Ọlọ́rọ̀ tó bí ọmọ kan ń san owó tó kéré sí ti tálákà tó bí ọmọ márùn-ún. Àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Òfin 1899 ló wá sọ òwe náà di ìṣe ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo òdìkejì òkun. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1914, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris fọwọ́ sí òfin tó dá owó-orí sílẹ̀ lórí gbogbo ohun tó ń wọlé fún ènìyàn. Òfin yẹn kò ka orí. Èrè ló ń wò. Ó sì ń dín ẹrù náà kù fún ẹni tó ní ìdílé, gẹ́gẹ́ bí iye àwọn tó ń bọ́ ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní tó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ Faransé, òfin oṣù kẹfà ọdún 1920 lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ó fi ìdá mẹ́rin kan, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún, kún owó-orí àpọ́n tó ti ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ tí kò ní ẹni kankan láti bọ́, ó sì fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún ti tọkọtaya tí kò bí lẹ́yìn ọdún méjì ìgbéyàwó. Ní Paris, ẹni tí kò bí ni òfin ń jẹ níyà. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ẹni tó bí ni. Ìjọba kan náà ló sì ṣe òfin méjèèjì.

Báwo ni àwọn ènìyàn wa ṣe dáhùn? Àwọn kan gbé ohun ìjà. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà nínú ẹrẹ̀ àti igbó ẹ̀bá Pọ̀bẹ̀ bá Faransé jà láti 1914 sí 1916, nítorí owó-orí, nítorí iṣẹ́ tipátipá, àti nítorí kíkó àwọn ọmọkùnrin wọn lọ sójú ogun. Àwọn mìíràn kò jà. Wọ́n di ẹrù, wọ́n gbọ́mọ pọ̀n, wọ́n sì kọjá ààlà. Àdéhùn ọdún 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti gé ilẹ̀ Kétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Mẹ́kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá lọ láti Kétu sí Mẹ́kọ kò kúrò láàárín ìbátan rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn akàwé olórí kántọ̀n nìkan ló kúrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, tó kọ ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, fi hàn pé ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti kọ̀ fún ìjọba láìyọ idà.

Kì í ṣe pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ párádísè. Ní 1918, nígbà tí owó-orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di 16. Ó di ọdún 1947 kí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣíwájú wọn, tó dìde sí i.

Ọ̀rọ̀ náà wá dójú ẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1923. Owó epo àti èkùrọ́ ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ogun, síbẹ̀ ìjọba gbé owó-orí ìlú náà sókè láti fáráǹkì 2,25 sí 15 fún ọkùnrin, 10 fún obìnrin àti 5 fún ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí á fi ìdílé kan ṣe ìṣirò: baba kan, ìyàwó méjì, ọmọ mẹ́rin tí wọ́n kà mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, orí méje ń san fáráǹkì 15,75. Lábẹ́ òfin tuntun, baba yóò san 15, àwọn ìyá 20, àwọn ọmọ 20: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ fáráǹkì 55. Owó tí ìdílé náà ń san fún àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ti wá pọ̀ ju èyí tí gbogbo ilé ń san tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlú kọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọjà dá páropáro, àwọn ènìyàn sì ṣe ìpàdé láti sọ pé àwọn kò ní san. Òótọ́ ni pé ìjà oyè ọba àti ìjà ipò láàárín àwọn Mùsùlùmí ìlú náà wọ inú ọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n owó-orí ló so gbogbo wọn pọ̀. Gómìnà Fourn kó sọ́jà wọ ìlú, ó sì fi ìlú sábẹ́ òfin ológun. Wọ́n mú àwọn aṣíwájú. Louis Hunkanrin, olùkọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Saint-Louis ti Sẹ̀nẹ̀gàl, tó sì ti fi kálàmù bá ìjọba jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n lé lọ sí Moriténíà fún ọdún mẹ́wàá. Ó di 1933 kí ó tó padà.

Ọdún tó padà yẹn kò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀dá owó gba gbogbo ayé, owó ọjà oko wálẹ̀, owó-orí kò sì tẹ̀lé e wálẹ̀. Ní Lomé, ní oṣù kìíní ọdún 1933, àwọn obìnrin ọlọ́jà tú síta nítorí àwọn owó tuntun tí ìjọba fẹ́ gbà. Ní àwọn abúlé, ohun tí kò ní ariwo ló ṣẹlẹ̀: àwọn òbí kan fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà kí wọ́n lè rí owó-orí san. Ibí yìí ni a ti rí òpin ọ̀nà tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Ọmọ tí wọ́n kà láti gba owó ni wọ́n tún fi yá owó náà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1945, Faransé tún òfin tirẹ̀ ṣe, ó dá ohun tí wọ́n ń pè ní quotient familial sílẹ̀. Wọ́n ń pín ohun tó wọlé fún ìdílé sí ìpín: tọkọtaya ní ìpín méjì, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mú ààbọ̀ ìpín wá. Bí ọmọ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó-orí ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1946 mú òpin bá iṣẹ́ tipátipá, ó sì sọ wa di ọmọ onílùú lójú òfin. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ṣì ń san owó lórí orí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló kọ́kọ́ rí ìyípadà. Wọ́n fi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jà títí òfin iṣẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952 fi jáde. Nígbà tó sì fi máa di 1956, owó ìrànwọ́ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ òṣìṣẹ́ aládàáni ní Kútọnu di ìdí tí a fi ń fún òbí lówó, dípò ìdí tí a fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Pọ̀bẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ìrànwọ́ náà kò kan ọmọ tiwọn.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́. Kò sí òfin owó-orí tí kò ka ọmọ ní ọ̀nà kan: bí ó bá ń kà á gẹ́gẹ́ bí orí, yóò di ẹrù sí òbí lọ́rùn; bí ó bá ń kà á gẹ́gẹ́ bí ẹnu tí à ń bọ́, yóò dín ẹrù náà kù; bí kò bá sì kà á rárá, a jẹ́ pé ó mú ẹni tó ní ọmọ mẹ́fà àti ẹni tí kò ní ọ̀kan dọ́gba. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń ka òfin ìṣúná ọdọọdún ti Benin tàbí ti Togo, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n gbé lé e lórí ni èyí: báwo ló ṣe ka ọmọ, ọmọ ta ni ó sì fojú fò?

A tún ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá inú àpótí àwọn àgbà ilé wọn. Ìwé ẹ̀rí owó-orí àtijọ́ ṣì lè wà níbẹ̀, tó ti gbó, tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Kí a má ṣe sun ún, kí a má sì jù ú nù. Iye orí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni orí àwọn tó bí wa.