Ológìnní Kò Sí Nílé: Ìtàn Ológbò, Èkúté àti Ìlera Wa ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Láti ìgbà tí àwa bíi mélòó kan ti ń yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé wa láti bá àwọn tó ń kó ológbò aláìnílé jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá: "Ṣé ọmọ ènìyàn tí ẹ lè tọ́jú ti tán ni?" Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Nígbà tó jẹ́ pé ìtàn ni púpọ̀ nínú wa ń kọ́, a ní ká lọ wo ohun tí ìtàn fúnra rẹ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn àgbà ní ológìnní kò sí nílé, ilé dilé èkúté. Òwe yìí fi hàn pé iṣẹ́ ló gbé ológbò wọlé wa, kì í ṣe fáàrí. Ilé tí àgbàdo wà ní àjà, tí gààrí wà nínú àpò, tí obì wà nínú agbọ̀n, ilé tí èkúté fẹ́ràn ni. Bákan náà ló rí níbi gbogbo láyé. Ní erékùṣù Kípírọ́ọ̀sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí sàréè kan tí wọ́n sin ènìyàn àti ológbò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ti tó ọdún 9,500. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà pamọ́, èkúté tẹ̀ lé ọkà, ológbò sì tẹ̀ lé èkúté. Láti ìgbà náà ni àdéhùn ti wà láàárín wa: kó ṣọ́ oúnjẹ wa, ká fún un nílé.

Ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú òṣìṣẹ́ yìí bí ara rẹ̀ kò bá yá? Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Ìjẹ̀bú kò mọ ìtọ́jú ẹranko. Ẹ wo Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé ológun ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, tí àwọn regbẹ́rẹ́gbẹ́ sì ń jó tẹ̀ lé ara wọn. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹṣin kì í rọrùn láti sìn nínú igbó, nítorí eṣinṣin tsetse ń gbé àrùn tó ń pa á kiri. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹṣin òun wà láàyè di ọdún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ oúnjẹ rẹ̀, kó mọ àìsàn rẹ̀, kó sì náwó sí i. Ẹṣin ní iyì, ó rí olùtọ́jú. Ológbò ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní iyì.

Ìjọba amúnisìn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1924, wọ́n dá ibùdó ìwádìí àrùn ẹranko sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pa màlúù. Màlúù lówó lórí. Ọdún 1924 yẹn kan náà ni àrùn kan tí kòkòrò amẹ̀jẹ̀ ara èkúté ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní plague. Ó jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba ń pa èkúté, wọ́n ń wó ilé, àrùn yìí sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń ṣòwò l'Ékòó nígbà náà, tí wọ́n ń gba ojú ọ̀sà àti ọjà Ẹ̀jìnrìn lọ, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ bọ̀. Ọ̀rọ̀ èkúté kò jìnnà sí wa rárá.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà ní 1916 ni ìyà fífi jẹ ẹranko ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó ṣì wà ní abala 495 títí dòní: ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò lè ra búrẹ́dì kan mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú òyìnbó pàápàá, ìjọba kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹranko mẹ̀kúnnù. Ní 1917, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Dickin ṣí ilé ìtọ́jú sí Whitechapel, àdúgbò àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1927 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ológbò sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ṣe é. Ohun tí àwùjọ wa náà mọ̀ dáadáa ni, àbí kí ni à ń pè ní ọ̀wẹ̀?

Èkúté kò sì tíì dẹ̀yìn. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno. Irú èkúté kan tó ń wọ inú ilé ló ń gbé e. Títí dòní, ó ń yọ ìlú Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu. Gààrí tí wọ́n sá sí ìta tí èkúté sì tọ̀ sí wà lára ọ̀nà tó lè gbà ràn. Àwa tí à ń fi gààrí Ìjẹ̀bú yangàn, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. A kò sọ pé ológbò nìkan lè dá Lassa dúró o. Ẹ bo oúnjẹ, ẹ gbá àyíká mọ́.

Ohun tí a wá fi rọ́pò ológbò ni òtapíapía. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré irú oògùn yẹn nítorí àwọn tó ń gbé e mu. Ológbò náà ń tibẹ̀ kú: èkúté jẹ májèlé, ológbò jẹ èkúté, àwọn méjèèjì kú. Ṣùgbọ́n oyún èkúté kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ti ológbò tó oṣù 2. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ẹ ó rí ẹni tó máa kọ́kọ́ padà sílé.

Ìbẹ̀rù tún wà. Wọ́n ń sọ òkò lu ológbò dúdú pé àjẹ́ ni, pé ojú rẹ̀ ń tàn lóru. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ti ewúrẹ́ náà ń tàn bẹ́ẹ̀, a kì í sì í pe ewúrẹ́ ní àjẹ́.

Ìbẹ̀rù tó yẹ ká ní ni ti dìgbòlugi. Ajá ló ń kó o ràn wá jù, ṣùgbọ́n ológbò lè ní in. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti fi abẹ́rẹ́ gba Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá gé jẹ, ni a ti mọ̀ pé a lè dènà rẹ̀. Ológbò tó bá pé nǹkan bí oṣù 3 yẹ kó gba àjẹsára. Bí ó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fún ológbò ní parasítámọ́ọ̀lù láéláé, ó ń pa á. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó máa bímọ kiri. Wọ́n ń kọ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta, kò jìnnà.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí báyìí ni pé ìsinmi ti ń bọ̀. Ológbò tí a ti ń fi ẹja bọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí lè gba ẹyọ kan. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ọwọ́ yín ti tó nǹkan, owó abẹ́rẹ́ ni à ń wá. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣì wà láyé, kó bá wa bi wọ́n léèrè ewé tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn láyé àtijọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó dàwátì. Ológbò ti mú àdéhùn tirẹ̀ ṣẹ fún wa. Tiwa ló kù.