Àwọn Akọrin tí ó di Olùkọ́ Ohùn lí Ìlú Èkó

 Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fi ohùn ṣe iṣẹ́ li a fẹ́ bá nyín sọ lí alẹ́ yìí. Kì íṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ó lè kọrin, nítorí bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yíò mọ́ bá wa níhìn, níwọ̀n bí kò ti sí ilé kan láti Ọlọ́wọ̀gbówó dé Ìsàlẹ̀ Èkó tí a kì í gbọ́ orin. Àwọn tí a ńwí ni àwọn tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ohùn bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ńkọ́ iṣẹ́ igi, tí nwọ́n dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìà láti kọrin, tí nwọ́n sì tún jókòó ti ọmọ ẹlòmíràn láti fi ohun tí nwọ́n mọ̀ hàn án.

Àwọn baba wa wí pé ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Òwe yìí bá ìgbésí aiyé irú akọrin bẹ́ẹ̀ mu púpọ̀. Kíkọrin ni apá kan, kíkọ́ni ni apá kejì. Ohùn a máa gbó bí aṣọ ti ńgbó. Ẹni tí kò bá ní apá kejì, ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ bá rẹ̀ li oúnjẹ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi ju oúnjẹ lọ wà níbẹ̀. Bí akọrin kò bá kọ́ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tí ó bá kú li ìmọ̀ rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀.

Lí ilẹ̀ Òyìnbó pàápàá, ibi tí nwọ́n kọ́ ilé ńlá fún irú eré tí nwọ́n ńpè ní ópẹ́rà, èyí tí íṣe ìtàn tí a fi orin sọ lórí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ náà li ọ̀rọ̀ rí. Ẹ wo Manuel Garcia, ọmọ ilẹ̀ Spéìnì, tí a bí lí ọdún 1805. Lí ọdún 1825 ó bá baba rẹ̀ rékọjá òkun lọ sí New York láti ṣe ópẹ́rà. Ohùn rẹ̀ kò tọ́jọ́; ó fi ìtàgé sílẹ̀, ó sì di olùkọ́. Lí ọdún 1841 ni Jenny Lind, ọmọbìnrin ilẹ̀ Sweden, tọ̀ ọ́ wá ní Páríìsì nígbàtí àṣejù orin ti fẹ́rẹ̀ ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Kí olùkọ́ náà tó kọ́ ọ lí orin kan, ó ní kí ó kọ́kọ́ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ọmọbìnrin náà gbọ́ràn, ohùn rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò, títí gbogbo aiyé fi mọ orúkọ rẹ̀. Lí ọdún 1854 Garcia fi dígí kékeré wo inú ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì rí ibi tí ohùn ti ńjáde. Ẹni ọdún 101 ni nígbàtí ó kú lí ọdún 1906. Jenny Lind pẹ̀lú, nígbàtí ó dàgbà, di olùkọ́ ohùn ní Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù lí ọdún 1883. Bí ẹni tí a kọ́ ti ńdi ẹni tí ńkọ́ni nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Kí ẹnikẹ́ni máṣe rò pé ọkọ̀ Òyìnbó li ó gbé ẹ̀kọ́ ohùn wá sí erékùṣù yìí. Kí a tó gbọ́ ìró dùùrù lẹ́bàá ọ̀sà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àyíká Ìgá Ìdúngánràn, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ké oríkì, àwọn kan sì mọ orin àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹ̀yọ̀. Nwọn kò fi ìwé kọ́ ọ. Ọmọ ńtẹ̀lé ìyá, ọmọ iṣẹ́ ńtẹ̀lé ọ̀gá. Yíò gbe orin lẹ́hìn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó jẹ́ kí òun náà dá a. Níbẹ̀, akọrin àti olùkọ́ jẹ́ ẹnìkan náà, kò sì sí ẹni tí ó bèrè bóyá iṣẹ́ li orin kíkọ́ni íṣe tàbí kì íṣe iṣẹ́.

Nígbàtí àwọn Sàró dé sí Ọlọ́wọ̀gbówó, tí àwọn Àgùdà sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, irú orin mìíràn bá wọn wá. Lí ọdún 1859 T. B. Macaulay dá ilé ìwé C.M.S. Grammar School sílẹ̀; lí ọdún 1873 J. A. Otunba Payne, tí íṣe akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́, kó àwọn olùfẹ́ orin jọ sí ẹgbẹ́ tí nwọ́n pè ní Lagos Philharmonic Society. Àwọn Àgùdà pẹ̀lú ní ẹgbẹ́ òṣèré tiwọn lí àwọn ọdún 1880. Lí ọdún 1887 a kọ́ gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall ní ìrántí Gómìnà Glover, ó sì di ilé àwọn akọrin.

Nínú gbogbo àwọn ará ìgbà náà, Robert Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, li orúkọ rẹ̀ ga jù. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin lí ilẹ̀ Jámánì, ó sì padà wá tẹ dùùrù kí ó sì kọ́ àwọn ènìà lí orin. Lí ọdún 1882 ó mú àwọn akọrin Èkó kọ iṣẹ́ Handel ní àjọ̀dún orin kan tí a kò gbàgbé. Àwọn ará Èkó fi í pe Mozart ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ kíyèsí i: kò sí ẹgbẹ́ akọrin tí ó ti kọ́ṣẹ́ tán tí ó ńdúró dè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Èkó gbọ́ Handel ní ìgbà náà, àfi kí ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn tí yíò kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ fi di ẹrù dandan fún akọrin lí ìlú yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbànáà ni ìṣòro kan yọ. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí èdè wa ni a fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ẹ̀nyin mọ̀ bí èdè wa ti rí: igba, igbá, ìgbà àti ìgbá kò jọ ara wọn rárá, bẹ́ẹ̀ li ohùn nìkan li ó yà wọ́n. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ńsọ̀kalẹ̀, ohun tí akọrin wí kọ́ ni olùgbọ́ yíò gbọ́. Àwọn wa ńkọrin tọkàntọkàn, ẹni tí ó sì ńkọjá lọ lójú pópó kò mọ ohun tí a ńwí. Mojola Agbebi, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀ lí ọdún 1888, ké sí i gidigidi pé kí Ìjọ ilẹ̀ wa ní orin tirẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Alùfáà J. J. Ransome-Kuti fi orin ìbílẹ̀ wàásù tóbẹ́ẹ̀ tí a fi gba orin rẹ̀ 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù lí ọdún 1922.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ̀ràn yìí di ẹ̀kọ́ ni Thomas King Ekundayo Phillips. A bí i lí ọdún 1884, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó ni. Láti ọdún 1911 dé 1914 ó wà ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbàtí ó padà dé, a fi í ṣe ọ̀gá orin ní Christ Church lẹ́bàá ọ̀sà, èyí tí ó di Kàtídírà. Ọdún 48 li ó lò nínú iṣẹ́ náà, títí di ọdún 1962, kí ọmọ rẹ̀ Obayomi Phillips tó gba ipò rẹ̀. Ó wo bí ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ńgòkè tí ó sì ńsọ̀kalẹ̀, ó sì kọ́ni pé kí orin tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ má máa tẹ̀lé orin bí ẹrú. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀, Yoruba Music, èyí tí a tẹ̀ lí ọdún 1953.

Bí ẹ̀nyin bá bi wá pé ilé ẹ̀kọ́ wo li ó kọ́ àwọn olórin Èkó, a ó dáhùn pé ìjókòó àwọn akọrin Kàtídírà ni. Ibẹ̀ ni Fela Sowande ti bẹ̀rẹ̀ lí ọmọdé, ẹni tí ó gba oyè àwọn ọ̀gá dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù lí ọdún 1943. Ibẹ̀ ni Ayo Bankole jókòó sí, ẹni tí ó lọ sí Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù àti Clare College ní Cambridge, tí ó sì padà wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó lí ọdún 1969. Ó dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́, ó sì kọ orin tí ohùn àwọn ọmọdé lè gbà. A pa á lí ọdún 1976 nígbàtí kò ì tíì ju ẹni ọdún 41 lọ. Ibẹ̀ náà ni Christopher Oyesiku, olóhùn básì, ti jáde. Òun pẹ̀lú lọ sí Guildhall, ó kọrin fún aiyé gbọ́, ó ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọ̀nà kejì wà tí a kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ḿbẹ́lú. Lí oṣù Júnì ọdún 1944, Hubert Ogunde, tí íṣe ọlọ́pàá nígbànáà, ṣe eré olórin Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ní Glover Hall. Inú ìjọ li eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó sì ńjẹ nínú orin àti eré. Àwọn tí ó tẹ̀lé e kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí a ti ńkọ́ ọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́, lẹ́hìn ọ̀gá, lójú ọ̀nà, lórí ìtàgé. Olùkọ́ ohùn ni ẹni bẹ́ẹ̀ náà íṣe.

Ní ti àwọn obìnrin, Francesca Emanuel, ọmọ ìdílé Pereira, fi ohùn sopúránò rẹ̀ kọ orin ilẹ̀ wa àti ti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ li ó ńṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi di akọ̀wé àgbà, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Joy Nwosu, tí a bí ní Enugu lí ọdún 1940, lọ kọ́ ohùn ní Santa Cecilia ní Róòmù, ó sì wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó láti ọdún 1975. Níhìn ni a fẹ́ sọ ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu. Ìró fáwẹ́lì 7 tí ó wà nínú èdè wa, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, àwọn náà gan-an li ó wà nínú èdè Ítálì, tí íṣe èdè ópẹ́rà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì níláti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ wọn. Ọmọ Èkó ti bá wọn jáde láti inú ìyá rẹ̀. Nítorínáà kì íṣe ohùn ni a ṣaláìní.

Kí ni a wá ṣaláìní? A ṣaláìní àyè àti owó iṣẹ́ fún olùkọ́. Ẹ wo bí ọ̀ràn ti yọrí sí: Sowande lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ li ó sì kú sí lí ọdún 1987, Akin Euba, ọmọ Èkó tí ó kọ ópẹ́rà Chaka lí ọdún 1970, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kíkọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, Joy Nwosu náà ré òkun kọjá. Àwa li ó tọ́ wọn, àwọn ẹlòmíràn li ó jẹ èso wọn. A dúpẹ́ pé lí ọdún 1983 àwọn olùfẹ́ orin dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀, tí nwọ́n ní ilé ní Oníkàn. Láti ọdún 1989 ni nwọ́n ti ní ilé ẹ̀kọ́ orin tí a ti ńkọ́ ohùn, àwọn akọrin tí ó ti dúró lórí ìtàgé sì ńkọ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kan kò lè gbé ẹrù gbogbo ìlú.

A mọ̀ ohun tí àwọn kan yíò wí: pé ilé Ọlọ́run kì íṣe ilé eré, àti pé ọ̀fẹ́ li a gbà, ọ̀fẹ́ li ó yẹ kí a fi fúnni. Òtítọ́ ni fún ẹni tí ó ńkọrin nínú ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí a máa san owó fún gbogbo ẹni tí ó wọ aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n ti olùkọ́ yàtọ̀. Nínú ìwé Kíróníkà kìíní, orí 25, a kà pé Dáfídì ya àwọn ọmọ Ásáfù, ti Hémánì àti ti Jédútúnì sọ́tọ̀. Àwọn tí a kọ́ tí nwọ́n sì mòye jẹ́ 288, a sì ṣẹ́ kèké fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bákannáà. Orí 9 ìwé kannáà sì fi hàn pé a dá àwọn akọrin sílẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ mìíràn, nítorí tọ̀sán-tòru ni nwọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn. Dáfídì kò rò pé ẹ̀bùn nìkan tó láìsí ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rò pé olùkọ́ lè gbé lórí ìyìn nìkan. A ti rí ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó san owó ẹni tí ó tún dùùrù ṣe láìjiyàn, tí ó sì ní kí ẹni tí ó tún ohùn 40 ọmọ ṣe máa retí èrè rẹ̀ lí ọ̀run.

Ohun tí a ńbèèrè kò pọ̀. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan lí erékùṣù yìí yan ọ̀dọ́ kan tí ó ní ohùn, kí ó rán an lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ iṣẹ́ náà, kí ó sì san owó wákàtí olùkọ́ rẹ̀ bí a ti ńsan owó ẹni tí ńkun ilé. Nígbàtí ọ̀dọ́ náà bá gbọ́n, kí a bá a dá majẹ̀mu pé òun náà yíò kọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni Phillips ṣe fún ọdún 48, tí èso rẹ̀ fi kún ilé rédíò àti yunifásítì. Àwọn tí a dárúkọ lí alẹ́ yìí ti fi apá méjèèjì fò. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó ńbọ̀ lẹ́hìn wọn rí ibi bà sí lí Èkó.