Ibùjókòó Àwọn Ṣóńṣó Krómósómù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni krómósómù, àwọn fọ́nrán tí a fi ń jogún ìwà àti ìrísí lọ́dọ̀ òbí, lọ́ mọ́ra nínú kóró sẹ́ẹ̀lì bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Mo fẹ́ fi ìtàn hàn yín, ẹ̀yin òǹkàwé, pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé ibi tí ṣóńṣó wọn jókòó sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ.

Carl Rabl, ará Austria, ni ó là wá lójú ní 1885. Ó ń wo sẹ́ẹ̀lì salamander, ẹranko kan tí ó jọ alángbá ṣùgbọ́n tí awọ rẹ̀ tutù bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì, ìbàdí fọ́nrán ni a fi ń fà á lọ, apá rẹ̀ a sì máa wọ́ tẹ̀lé e. Rabl sọ pé bí ìpín náà tilẹ̀ parí, tí ojú kò rí fọ́nrán mọ́, ètò náà kò yẹ̀: ìbàdí wà lápá kan kóró, ṣóńṣó wà lápá kejì.

Ní 1938, Hermann Muller, tí ó ń fi ìtànṣán X fọ́ krómósómù eṣinṣin, sọ ṣóńṣó náà ní telomere, èyí tí í ṣe “apá ìparí” ní èdè Gíríìkì. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ti Barbara McClintock lórí àgbàdo fi yé wa pé ojú ibi tí fọ́nrán ti ṣẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ṣóńṣó àtilẹ̀wá kì í lẹ̀.

Ǹjẹ́ Rabl tọ̀nà? Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo. Àlìkámà ń tẹ̀lé ètò rẹ̀. Nínú ìwúkàrà búrẹ́dì tí ó ní krómósómù 16, ṣóńṣó 32 kó ara wọn jọ sí agbo bíi 3 sí 8 lẹ́bàá ògiri kóró. Ní ti ènìyàn, wọ́n fọ́n káàkiri. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Síbẹ̀, nígbà tí ara bá ń ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, ṣóńṣó tiwa pẹ̀lú a péjọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ìdì òdòdó, kí fọ́nrán ti bàbá lè rí ti ìyá dì mọ́. Ní 2007, a rí i pé eku tí kò ní èròjà SUN1, tí í so ṣóńṣó mọ́ ògiri, yàgàn, t’akọ t’abo. Ẹ kò rí i pé ọmọ bíbí pàápàá gbára lé ibi tí ṣóńṣó fọ́nrán jókòó sí?