Ìtànjẹ Ọmọdé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìtànjẹ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là "tàn … jẹ", èyí tí àbọ̀ máa ń wọ àárín rẹ̀, bí a ti ń wí pé "ó tan ọmọ náà jẹ". Ìtumọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni kí a fi ohun tó wu ènìyàn fà á lọ síbi ewu, bí a ti ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ tan ewúrẹ́ wọlé.

Òfin Nàìjíríà tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, ní abala 23, ka ẹni tó bá ti orí kọ̀ǹpútà tan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti pàdé rẹ̀ fún ìbálòpọ̀ sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 10.

Ọmọ tó di fóònù mú ní Olúpọ̀nnà, nítòsí Ìwó, lè bá àjèjì tí kò mọ ojú rẹ̀ sọ̀rọ̀: onítọ̀hún á kọ́kọ́ yin fọ́tò rẹ̀, á fi káàdì ìpè ránṣẹ́, á ní kí wọ́n bọ́ sí WhatsApp, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé, "Má jẹ́ kí màmá ẹ gbọ́ o."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni àmì ìtànjẹ tó hàn jù lọ. Kí òbí má ṣe na ọmọ tó bá fẹjọ́ sùn, kí wọ́n má sì pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́, nítorí ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ fún ọlọ́pàá.