Àwọn Tí Kò Bọ̀ Láti Kírìjí



Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè Màpó, tí ó wo ìsàlẹ̀ lọ sí Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, orúkọ àwọn ológun ni a óò máa dá fún un lára ọ̀pọ̀ agbo ilé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n balógun kò lè dá ogun jà. Ta ni ó rántí àwọn tí ó tẹ̀lé e?

Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ọdún 16 kọjá kí ibùdó tó tú ní 1893. Olúkúlùkù ìjòyè Ìbàdàn ni ó ń fi agbára ilé rẹ̀ ra ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹni tí ó lọ ní ọ̀dọ́mọkùnrin, bí ó bá bọ̀ rárá, àgbàlagbà ni ó bọ̀. Ààrẹ Látòósà tìkára rẹ̀ kú sí ibùdó ní 1885. A mọ orúkọ ti Ààrẹ. Ọmọ opó tí ó kú níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹkún kan náà ni a sun ní Iléṣà àti ní Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń jà láti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Nítorí náà, ìrántí wa kò gbọdọ̀ di ìhàlẹ̀.

Ẹ wo Samuel Johnson, olùkọ́ ní Ìbàdàn yìí. Òun àti Charles Phillips ni oníṣẹ́ àlàáfíà títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù ní Ìlú Ọba. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, Obadiah àbúrò rẹ̀, oníṣègùn, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Ní 1916 àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó ń gbé e lọ. Amẹ́ríkà ni a ti rí i. Ní 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ìwé odidi orílẹ̀-èdè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parun lẹ́ẹ̀mejì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí orúkọ tí ó wà lẹ́nu arúgbó kan ṣoṣo?

Jóṣúà to òkúta 12 jọ kí àwọn ọmọ lè béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó lọ tí kò bọ̀, àti ẹni tí a mú lẹ́rú wọ inú ilé yín. Ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú Bíbélì ilé yín. Ọmọ Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì.